Ohùn Ẹnu àti Ọ̀rọ̀ Ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Èdè Ṣáínà fún Àwọn Tí Ń Ṣẹ̀dá Èdè-Ìperí

1. Ìfáàrà

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣí ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ kan bi ọmọ ilé-ìwé kan ní Àrámọ̀kọ pé kí ni ìdí rẹ̀ tí inú ilé tí a fi páànù bò fi máa ń gbóná lọ́sàn-án ju inú ilé tí a fi koríko bò lọ. Ọmọ náà mọ ìdáhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé páànù máa ń tètè gba ooru oòrùn, ó sì máa ń gbé e wọ inú ‘ulé’. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín koríko kì í jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà kọjá kíákíá. Olùkọ́ fa igi sí ‘ulé’, ó kọ ‘ilé’ sí òkè rẹ̀, ó sì yọ máàkì kan. Bí ọmọ náà bá tún kọ ‘ọrúkọ’ dípò ‘orúkọ’ àti ‘uṣẹ́’ dípò ‘iṣẹ́’, máàkì mẹ́ta ti lọ. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni ọmọ yìí kò mọ̀? Ṣé sáyẹ́ǹsì ni, àbí àkọtọ́?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tí ó ń ka ìwé àtìgbàdégbà yìí. Àwa tí a ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì a máa ṣe bí ẹni pé Yorùbá kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu gbogbo ọmọ tí yóò lo ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ohun tí ó wà lẹ́nu ọmọ Ìjerò, ọmọ Àrámọ̀kọ àti ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú ìwé tí a fi ń kọ́ wọn. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe àṣìṣe, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ètò kan wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ètò náà yóò lè kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìwé láìba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́, yóò sì lè ṣẹ̀dá èdè-ìperí tí gbogbo ẹ̀ka-èdè lè gbà.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, a ó kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ẹnu sọ ohun kan, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ kọ òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni a ó padà wálé.

2. Ẹnu méjì, ìwé kan: Mandarin àti Cantonese

Èdè tí a ń pè ní èdè Ṣáínà kì í ṣe ẹyọ kan lẹ́nu. Mandarin ni èdè Beijing àti ti àwọn agbègbè Àríwá. Cantonese sì ni ti Guangzhou àti Hong Kong ní Gúúsù. Bí ẹni tí kò gbọ́ ju Mandarin lọ bá bá ẹni tí kò gbọ́ ju Cantonese lọ pàdé lọ́jà, wọn kò ní gbọ́ ara wọn. Ohùn mẹ́rin ni Mandarin ní, yàtọ̀ sí ohùn fúyẹ́fúyẹ́ kan. Mẹ́fà ni a sábà máa ń kà fún Cantonese. Cantonese di àwọn kọ́ńsónáǹtì p, t àti k mú ní ìparí sílébù, Mandarin sì ti pa wọ́n jẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ‘kọ́ ẹ̀kọ́’ ni xué ní Mandarin. Hok ni ní Cantonese. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ‘mẹ́wàá’ ni shí ní ìhà kan; sap ni ní ìhà kejì. (Àmì orí àwọn ọ̀rọ̀ Mandarin wọ̀nyí jẹ́ ti àkọtọ́ pinyin, kì í ṣe àmì ohùn Yorùbá. A kò fi àmì sí ti Cantonese.)

Síbẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá gbé ìwé ìròyìn kan náà sọ́wọ́, àwọn méjèèjì ni yóò kà á yé. Àmì tí wọ́n fi ń kọ̀wé kì í tọ́ka sí ìró ní tààrà bí lẹ́tà tiwa. Ẹyọ ọ̀rọ̀ tàbí mọ́fíìmù ni àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún, oníkálukú a sì máa fi ìró ẹnu rẹ̀ kà á. Àmì méjì tí ó dúró fún ‘ìsun omi gbígbóná’ ni a ń kà ní wēnquán ní Beijing. Wan cyun ni a ń kà á ní Guangzhou. Ojú rí ohun kan náà, ẹnu sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sí ibẹ̀, à bá ní ìró nìkan ni ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ gbólóhùn tí ó túmọ̀ sí ‘kì í ṣe òun’ sí orí ìwé, àmì mẹ́ta ni a ó kọ, ará Beijing yóò sì kà wọ́n ní bù shì tā. Ohun tí ó ń fi ẹnu sọ gan-an nìyẹn. Ọmọ Hong Kong yóò fi ìró tirẹ̀ ka àmì mẹ́ta yìí kan náà ní bat si taa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò jẹ́ sọ bat si taa. M hai keoi ni yóò sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó bá ti ìwé mu: m ni ó fi ń kọ̀, kì í ṣe bat, hai ni ó fi ń wí pé nǹkan jẹ́ nǹkan, kì í ṣe si, keoi ni arọ́pò-orúkọ rẹ̀, kì í ṣe taa. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń kọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹnu, òmíràn sì wà fún ìwé.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ìwé tí a ń sọ yìí kò pẹ́ títí. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èdè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní wényán, tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ ọ̀pọ̀ ohun pàtàkì. Ní ọdún 1917 ni Hu Shi kọ àpilẹ̀kọ tí ó gbajúmọ̀, nínú èyí tí ó ti ní kí a fi èdè tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, èyí tí wọ́n ń pè ní báihuà, rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1920 ìjọba pàṣẹ pé kí báihuà wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1956 ni wọ́n sọ ohun tí èdè àjùmọ̀lò jẹ́ ní pàtó: ìró Beijing, ìpìlẹ̀ ẹ̀ka-èdè Àríwá, àti gírámà àwọn ìwé báihuà tí ó ṣe é tẹ̀lé. Ní ọdún 1958 ni wọ́n fi ọwọ́ sí àkọtọ́ pinyin. Nítorí náà, ‘ọ̀rọ̀ ẹnu’ tí ó wọ inú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Àríwá ni. Ẹrù tí ó wúwo jù, orí ọmọ Gúúsù ni ó bọ́ sí.

3. Bí àkọsílẹ̀ Yorùbá ṣe di ti gbogbo wa

Ní ti Yorùbá tí a ń fi lẹ́tà Rómù kọ, ìtàn rẹ̀ kò gùn tó ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n ó fara jọ ọ́ ní ọ̀nà kan. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther kọ jáde. Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ti bí i. Ní ọdún 1875 ni àwọn ìjọ ajíhìnrere ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè náà, Bíbélì Mímọ́ lódidi sì parí ní ọdún 1884. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ láti ẹ̀ka-èdè mìíràn wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1966 ni a yan ìgbìmọ̀ àkọtọ́. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1969, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní ọdún 1974. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ ‘ayé’ dípò ‘aiye’, ‘wọ́n’ dípò ‘nwọn’, ‘obìnrin’ dípò ‘obirin’.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ ohun tí àkọtọ́ ń ṣe sí orúkọ, kí ó wo Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. ‘Effon-Alaiye’ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́. Kò sí ará Ẹ̀fọ̀n tí ó ń fi ẹnu pe f méjì. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ti fi orúkọ ìlú náà pe ọ̀wọ́ àpáta kan tí ó wà ní agbègbè ibẹ̀, ‘Effon’ pẹ̀lú f méjì ni wọ́n sì ń kọ nínú ìwé wọn títí di òní. Ìlú ti yí àkọtọ́ padà, sáyẹ́ǹsì kò tíì yí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di èdè-ìperí, ó ṣòro láti yí i padà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fara balẹ̀ kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a sọ ní gbangba: àkọsílẹ̀ Yorùbá òde-òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni. Ará Ìbàdàn a máa pe ‘s’ níbi tí ìwé ti kọ ‘ṣ’. Ará Ọ̀yọ́ pàápàá, bí ó bá ń sọ̀rọ̀ geere, ‘Yoòbá’ ni yóò sọ, kì í ṣe ‘Yorùbá’. ‘Òótọ́’ ni yóò sọ, kì í ṣe ‘òtítọ́’. ‘Èèyàn’ ni yóò sọ níbi tí ìwé ti kọ ‘ènìyàn’. A máa ń kọ ‘ṣe iṣẹ́’, ẹnu a sì ti sọ ọ́ di ‘ṣiṣẹ́’. Gbogbo wa ni a ń rin ìrìn-àjò láti ẹnu dé ìwé. Ọ̀nà àwọn kan ni ó gùn ju ti àwọn mìíràn lọ.

4. Oríṣi ìyàtọ̀ mẹ́ta ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí. Abíọ́dún Adétúgbọ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1967, kó Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sí ìsọ̀rí Àárín Gbùngbùn. Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí náà ìfarajọra pọ̀ láàárín ohùn wọn. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu agbègbè yìí wé ọ̀rọ̀ ìwé, oríṣi ìyàtọ̀ mẹ́ta ni a ó rí.

4.1 Ìyàtọ̀ ìró nìkan

Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ kì í fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀. Ní Èkìtì, ó lè fi í bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìwé pè ní ‘ilé’, ‘iṣu’, ‘ikú’ àti ‘iṣẹ́’ ni ‘ulé’, ‘uṣu’, ‘ukú’ àti ‘uṣẹ́’. Kì í ṣe gbogbo i ni ó ń di u. ‘Igi’ a máa jẹ́ ‘igi’. Ìtumọ̀ kò yí padà, ohùn kò sì yí padà. Fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Èkejì ni àǹkóò fáwẹ́lì. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni ó wà nínú àkọtọ́: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ni ó wà lẹ́nu ará Èkìtì, nítorí pé i jẹ́ oríṣi méjì, u náà sì jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan máa ń bá e àti o rìn, èkejì a sì máa bá ẹ àti ọ rìn. Bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, u tí ó wà nínú ‘ulé’ kọ́ ni ó wà nínú ‘uṣẹ́’, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà kan náà ni a ní láti fi kọ wọ́n. Nítorí pé i àti u ti kópa nínú àǹkóò yìí, wọn kì í dí i lọ́nà. Ìdí nìyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi ní ‘orúkọ’, ‘odídẹ’ àti ‘elùbọ́’, tí Èkìtì sì ní ‘ọrúkọ’, ‘ọdídẹ’ àti ‘ẹlùbọ́’. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, o àti ọ kò bára mu nínú ‘orúkọ’ nítorí pé u dá wọn lẹ́kun. Ní Èkìtì, u kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ẹ̀rí wà pé fáwẹ́lì mẹ́sàn-án yìí ni ó pẹ́ jù. Èdè tí a fi ń kọ̀wé ni ó pa méjì pọ̀ mọ́ àwọn tí ó kù. Ọmọ tí ó kọ ‘ọrúkọ’ kò ba èdè jẹ́. Òfin tí ó tẹ̀lé gbòòrò ju ti ìwé lọ.

4.2 Ìyàtọ̀ tí òfin bí

Ẹ jẹ́ kí a wo ‘oní’ àti ‘ilé’. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, wọ́n di ‘onílé’. Ṣùgbọ́n ‘oní’ àti ‘aṣọ’ di ‘aláṣọ’. A mọ òfin náà: n a máa dúró bí i bá tẹ̀lé e, a sì máa di l bí fáwẹ́lì mìíràn bá tẹ̀lé e. Ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé ‘oní’ kò fi i bẹ̀rẹ̀, ‘ulé’ ni. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Òfin kan náà ni yóò ṣiṣẹ́, àbájáde rẹ̀ yóò sì jẹ́ ‘olúlé’. Bákan náà ni ‘ní ilé’ di ‘nílé’ nínú ìwé, tí ‘ní ulé’ sì di ‘lúlé’ lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ òfin yóò rò pé ‘olúlé’ àti ‘lúlé’ jìnnà réré sí ‘onílé’ àti ‘nílé’. Ẹni tí ó mọ òfin yóò rí i pé Èkìtì àti Yorùbá àjùmọ̀lò ń ṣe ohun kan náà. Ibi tí wọ́n ti gbéra ni ó yàtọ̀.

4.3 Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀

Oríṣi kẹta ni ti ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro fún ọmọdé láti mọ̀ pé ó bá ti ìwé tan. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ‘àghan’ ni a ń sọ níbi tí ìwé ti kọ ‘àwọn’. Ìró gh yìí kò sí lára àwọn lẹ́tà tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974, nítorí náà ọmọ kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò fi kọ ọ́ bí ó bá fẹ́. Arọ́pò-orúkọ náà tún ń tẹ̀lé àǹkóò: níbi tí ìwé ti kọ ‘mo’ ní gbogbo ìgbà, ẹnu a máa pe ‘mo’ níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe bí ‘dé’, a sì máa pe ‘mọ’ níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe bí ‘lọ’.

Bí a bá fi èyí wé Ṣáínà, a ó rí i pé oríṣi kìíní dà bí wēnquán àti wan cyun, oríṣi kẹta sì ń lọ sí ọ̀nà tā àti keoi. Àlàfo tiwa kò tó tiwọn. Ará Ìjerò àti ará Ọ̀yọ́ a máa gbọ́ ara wọn.

5. Ibi tí ọ̀nà ti yà

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ fi sọ́kàn. Àmì ìkọ̀wé Ṣáínà kò ṣe ìlérí kankan fún ọmọ nípa ìró ẹnu rẹ̀. Lẹ́tà tiwa ṣe ìlérí. Ní ọjọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ a-b-d ni a ti sọ fún un pé bí a bá ti ń sọ ọ́ ni à ń kọ ọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ gba ìlérí yìí gbọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ já a kulẹ̀. Ọmọ Àrámọ̀kọ náà gbà á gbọ́, ó tẹ́tí sí ohun tí ẹnu ìyá rẹ̀ ń sọ, ó kọ ‘ulé’ gẹ́gẹ́ bí a ti ní kí ó ṣe, a sì fa igi sí i. Ó gbọ́ràn, a sì jẹ ẹ́ níyà. Ohun tí yóò kọ́ nínú èyí ni pé èdè ìyá rẹ̀ kò dára tó, tàbí pé etí tirẹ̀ ni kò gbọ́ dáadáa. Méjèèjì kì í ṣe òótọ́.

Ọmọ Hong Kong kò ní ìṣòro yìí. Wọ́n ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí ó yẹ kí àwa náà sọ nìyí. Kí a ní: ‘Ní ilé wa, ulé ni a ń pè é, nínú ìwé tí gbogbo ọmọ Yorùbá jọ ń kà, ilé ni a ń kọ ọ́.’ Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n kò tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò kúkú kọ ẹ̀ka-èdè Èkìtì fún ọmọ Èkìtì? Ìdáhùn wa ni pé kò sí ẹni tí ó ní kí a má kọ ọ́. Àwọn ará Hong Kong ń fi Cantonese kọ àwàdà, ìpolówó ọjà àti ọ̀rọ̀ ẹnu inú ìwé ìròyìn. Wọ́n tilẹ̀ ti ṣẹ̀dá àmì fún un: ọ̀pọ̀ lára àmì wọ̀nyí ni àmì ‘ẹnu’ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ìró ẹnu ni kí ó tẹ̀lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó dára kí eré onítàn, àlọ́ àti orin wa wà ní ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìwé sáyẹ́ǹsì ń gba owó, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, a kò sì lè tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún Ìjerò, fún Ẹ̀gbá àti fún Oǹdó. Kí ìwé jẹ́ ọ̀kan, kí kíkà rẹ̀ gba gbogbo ẹnu.

6. Ohun tí ó kan aṣẹ̀dá èdè-ìperí

Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nínú èyí tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ títí kan sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù. Ní ọdún 1984 ni Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní, jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ní ọdún 1990 ni apá kejì tẹ̀lé e lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì. Láti inú iṣẹ́ wọ̀nyí ni a ti kọ́ bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú èdè wa. Ohun tí ó kù ni pé kí a bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè pé: báwo ni yóò ṣe rí lẹ́nu ẹni tí kò sọ Yorùbá Ọ̀yọ́?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ gírámà tí gbogbo ilé-ìwé ń lò: ‘ọ̀rọ̀-orúkọ’. Lẹ́nu ọmọ Ìjerò, ‘ọ̀rọ̀-ọrúkọ’ ni. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ oríṣi kìíní ni. Ọmọ lè pè é bí ó ti wù ú, kí ó sì kọ ọ́ bí ìwé ti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá pẹ̀lú ‘oní’ ni ó yẹ kí a kíyè sí, nítorí pé ó lè mú ìyàtọ̀ oríṣi kejì wá. Kì í ṣe pé kí a má lò ó; kí olùkọ́ mọ̀ pé ó gba àlàyé ni.

Ìkògòsì, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì pẹ̀lú Àrámọ̀kọ, jẹ́ ibi tí Ọlọ́run ti pèsè ohun ìkọ́ni fún wa. Ìsun omi gbígbóná kan wà níbẹ̀ tí ìwọ̀n-ìgbóná rẹ̀ tó nǹkan bí 70 ní òṣùwọ̀n Celsius níbi tí ó ti ń tú jáde. Ìsun omi tútù kan sì wà ní tòsí rẹ̀. Méjèèjì ṣàn pàdé ara wọn, omi náà a sì lọ́ wọ́ọ́wọ́, ní nǹkan bí 37. Kò sí ìwé tí ó lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ‘ooru’ àti ‘ìwọ̀n-ìgbóná’ ju bí ọmọ tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ: ooru ni ohun tí ó ń kúrò nínú omi gbígbóná bọ́ sínú omi tútù, ìwọ̀n-ìgbóná sì ni iye tí òṣùwọ̀n ń kà. Bí a bá lo ‘ìwọ̀n’ gẹ́gẹ́ bí orí fún gbogbo ohun tí a ń wọ̀n, bí ‘ìwọ̀n-ìgbóná’, ‘ìwọ̀n-gígùn’, ‘ìwọ̀n-ìyára’, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà yóò mọ orí kan náà nínú gbogbo wọn. Ètò ni yóò ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo.

Èyí ni àwọn ará Ṣáínà ti fi ọgbọ́n ṣe nínú kẹ́místírì. Ní ilé-iṣẹ́ ohun ìjà Jiangnan ní Shanghai, Xu Shou àti John Fryer ará Gẹ̀ẹ́sì jọ túmọ̀ ìwé kẹ́místírì kan tí ó jáde ní ọdún 1871. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣẹ̀dá orúkọ mẹ́tàlì ni pé wọ́n mú àmì kan tí ìró rẹ̀ fara jọ sílébù kan nínú orúkọ òkèèrè, wọ́n sì fi àmì ‘mẹ́tàlì’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ lítíọ́ọ̀mù: ará Beijing kà á ní lǐ, ará Guangzhou kà á ní lei, ṣùgbọ́n ojú àwọn méjèèjì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé mẹ́tàlì ni. A kò lè ya irú àmì bẹ́ẹ̀ lò, ṣùgbọ́n a lè ya èrò náà lò: kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ìran rẹ̀ hàn, bí ìró rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Ọ̀rọ̀ lítíọ́ọ̀mù kò jìnnà sí wa. Ìjerò jẹ́ ìlú tí a mọ̀ fún kùsà. Nínú òkúta pegmatite ibẹ̀ ni tourmaline, mica àti feldspar wà, pẹ̀lú lepidolite tí lítíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. A sì ń rí amọ̀ funfun tí a ń pè ní kaolin. Ọ̀pọ̀ lára orúkọ wọ̀nyí ni a kò tíì fún ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí gbogbo ènìyàn gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wa ilẹ̀ fún oúnjẹ òòjọ́ kò lè máa gbé ohun tí ó rí láìpè é ní nǹkan. Àwọ̀ rẹ̀, bí ó ṣe ń dán, bí ó ṣe ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ó ṣe le sí lábẹ́ òòlù: ohun tí awakùsà fi ń dá wọn mọ̀ nìyẹn, ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà sì ń wò nìyẹn. Ibi tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ èdè-ìperí kọ́kọ́ lọ béèrè ni Ìjerò, kí wọ́n tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì.

7. Àbá

Àbá mẹ́rin ni a ní. Èkíní, kí olùkọ́ má ṣe ka kíkà ní ohùn ìlú ẹni sí àṣìkà. Ọmọ tí ó rí ‘ilé’ tí ó kà á ní ‘ulé’ ti ka ìwé. Ohun tí ọmọ Guangzhou ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó ṣe.

Èkejì, nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì, kí a má ṣe yọ máàkì sáyẹ́ǹsì nítorí ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè. Kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọmọ lè kọ́ ọ. Àyè àti yọ máàkì àkọtọ́ wà nínú ìdánwò Yorùbá.

Ẹ̀kẹta, kí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ máa fi oríṣi ìyàtọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a tò sókè yìí kọ́ wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti ìlú tí yóò ti ṣiṣẹ́. Olùkọ́ tí ó mọ ìdí tí ‘onílé’ fi jẹ́ ‘olúlé’ kò ní bínú sí ọmọ tí ó kọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a tó tẹ èdè-ìperí kankan jáde, kí a fún àwọn tí ń sọ ẹ̀ka-èdè mìíràn ní ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n pè é síta, kí wọ́n lò ó nínú gbólóhùn, kí wọ́n sì sọ bóyá ó jọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ti ní. Bí ẹ̀ka-èdè kan bá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó dára fún ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní orúkọ fún, kí a mú un, kí a kọ ọ́ ní àkọtọ́ tí gbogbo wa ń lò, kí a sì sọ ibi tí a ti rí i.

8. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ti ìwọ̀-oòrùn Èkìtì nìkan. Ó wà ní Ṣáínà ní ọ̀nà tí ó pọ̀ ju tiwa lọ, síbẹ̀ ọmọ Cantonese ń kọ́ kẹ́místírì láìrò pé ẹnu ìyá òun ni ó ń dènà òun. Àwọn baba wa ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ń sọ ohun tuntun lórúkọ ní èdè Yorùbá, ilé tí ó yẹ kí ó wò pọ̀: ti Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ti Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n náà sì wà níbẹ̀. Ní ti òwe náà, ọmọ Àrámọ̀kọ yóò fi ‘ulé’ àti ‘ọrúkọ’ pa á. Òwe náà kò yí padà, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò sì dín kù. Nígbà tí ọmọ náà bá padà wá kọ ìdáhùn sáyẹ́ǹsì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bóyá ó mọ ọ̀nà tí ooru ń gbà wọlé.